Ọjọ́ Tí Odùtáyọ̀ Gbé Ààrò Lọ sí Erékùṣù

“Ẹ bá mi yí ẹja yẹn padà kó má baà jóná.”

Ọ̀rọ̀ tí Àwẹ̀ró sọ kẹ́yìn fún ọkọ rẹ̀ nìyẹn. Odùtáyọ̀ dìde, ó yí ẹja náà padà lórí iná, ó sì ṣan ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tó fi máa padà dé ibi tí ìyàwó rẹ̀ jókòó sí, Àwẹ̀ró ti fẹ̀yìn ti ògiri, orí rẹ̀ ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Kò ṣe àìsàn kankan tó dá a dùbúlẹ̀. Ó kàn sọ láàárọ̀ ọjọ́ náà pé ó rẹ òun díẹ̀ ni.

Odùtáyọ̀ ti gbọ́ lẹ́nu àwọn ẹlòmíràn pé ìyàwó a máa súre fún ọkọ kó tó lọ, pé ó máa ń fi àṣírí kan lé e lọ́wọ́, tàbí kó bẹ̀ ẹ́ pé kó má gbàgbé òun. Ẹja ni tirẹ̀ fi lé e lọ́wọ́. Kò lè sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá bi í pé kí ni olóògbé sọ, á mi orí, wọn á sì rò pé ọ̀rọ̀ náà wúwo ju ohun tí ẹnu lè gbé lọ.

Wọn kò ní ọmọ. Méjì tí wọ́n bí kò dúró. Àwẹ̀ró pàápàá, òun nìkan ni ìyá rẹ̀ bí. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n sin ín tán tí èrò túká, ènìyàn méjì péré ni ọ̀fọ̀ náà kù sí lọ́rùn: Odùtáyọ̀ àti ìyá ìyàwó rẹ̀, Efúntọ́lá.

Èbúté-Àrọ̀ ni ìlú wọn. Ìlú ńlá ni, etí ọ̀sà ló wà, ibẹ̀ sì ni àwọn ọkọ̀ tó ń ti òkun wá ti ń já ẹrù. Abẹ́ ọ̀sà náà kún fún òkìtì iyanrìn tí kì í dúró sójú kan. Ibi tí ọkọ̀ gbà kọjá lánàá lè di ilẹ̀ lónìí. Iṣẹ́ amọ̀nà ni Odùtáyọ̀ ń ṣe. Iwájú ọkọ̀ ló máa ń dúró sí, á máa wo àwọ̀ omi, á nawọ́ sọ́tùn-ún, á nawọ́ sósì, àwọn atukọ̀ á sì máa tẹ̀ lé ọwọ́ rẹ̀. Ojú ló fi ń jẹun. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ a máa fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé bí wọ́n bá bu omi ọ̀sà sínú igbá fún Odùtáyọ̀, á sọ ibi tí wọ́n ti bù ú fún wọn, á sì tún sọ ẹni tó bù ú.

Láti èbúté náà, erékùṣù kan wà lọ́ọ̀ọ́kán. Kò jìnnà rárá. Kí iṣu tó jinná lórí iná, ẹni tó mọ ọkọ̀ wà á ti débẹ̀. Síbẹ̀, bí igbe àwọn alárùú ṣe ń dún ní èbúté tó, tí ọkọ̀ ń wọlé tí ọkọ̀ ń jáde, kò sí ẹni tó ń gbé erékùṣù náà. Kò sí omi mímu níbẹ̀, kò sí ọ̀nà, kò sí ahéré. Igi ẹ̀gbà ló yí i ká, àwọn igi tó ń fi gbòǹgbò dúró sínú omi bí akàn. Iwájú wọn ni ẹrẹ̀ dúdú wà, ẹrẹ̀ tó máa ń farahàn bí omi bá fà, tó sì máa ń rì bí omi bá kún. Ẹ̀yìn wọn ni ìgbó ògùrọ̀ wà, níbi tí awọ́nrínwọ́n ti ń yáàrùn láìsí ẹni tó lé e. Láàárín gbùngbùn ìgbó náà ni iyanrìn funfun kan wà tó ga díẹ̀ ju omi lọ. Orí iyanrìn yìí ni wọ́n ń to ààrò àwọn obìnrin tó ti kú sí, mẹ́ta mẹ́ta, tí ó ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lè ka iye wọn.

Ìdí tí wọ́n fi ń ṣe bẹ́ẹ̀ kò ṣòroó yé. Ilẹ̀ iyanrìn ni Èbúté-Àrọ̀. Ènìyàn lè gbẹ́lẹ̀ níbẹ̀ láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ kó má kan òkúta kan tó tó ẹyin adìẹ. Bí ọmọbìnrin bá fẹ́ lọ sílé ọkọ, ìyá rẹ̀ ni yóò wa ọkọ̀ lọ sí òkè odò, yóò ṣa òkúta mẹ́ta tó bá ara wọn mu, yóò sì gbé wọn wá fún un. Orí òkúta mẹ́ta yẹn ni ọmọ náà yóò máa dáná títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Bó bá sì kú, ẹlòmíràn kì í dáná sórí rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹsàn-án tí wọ́n sin ín, ọkọ rẹ̀ á gbé ààrò náà lọ sí erékùṣù. Ẹni tó gbé e wá fún ọmọ ni yóò wa ọkọ̀.

Èèwọ̀ méjì ló so mọ́ ìrìn àjò náà. Àkọ́kọ́ ni pé wọ́n gbọ́dọ̀ fi aṣọ olóògbé bo ọkọ tó di opó náà lójú láti ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ ṣí i títí yóò fi padà wọlé. Wọ́n ní láyé àtijọ́, àwọn ọkùnrin tó rí ọ̀nà náà kò yé padà lọ. Wọ́n á lọ jókòó ti ààrò ìyàwó wọn lójoojúmọ́, títí ebi àti òùngbẹ á fi pa wọ́n mọ́ ibẹ̀. Èkejì ni pé ẹni tó ń wa ọkọ̀ kò gbọdọ̀ la ẹnu títí wọ́n á fi padà dé èbúté, nítorí pé òkú á tẹ̀ lé ohùn tó bá mọ̀ wá sílé. Ẹni tó bá rú èyíkéyìí nínú méjèèjì, wọn kò ní jẹ́ kó fi ọkọ̀ kankan kúrò ní èbúté mọ́. Ní ìlú tí omi ti ń bọ́ gbogbo ènìyàn, ẹni tí wọ́n bá gba omi lọ́wọ́ rẹ̀, oúnjẹ ni wọ́n gbà lẹ́nu rẹ̀.

Nígbà tí ọjọ́ kẹsàn-án pé, Efúntọ́lá ti dé ẹnu ọ̀nà kí oòrùn tó gòkè. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ó sì ṣì ń fúnra rẹ̀ wa ọkọ̀ lọ dẹ ìgèrè sí edé. Àwọn mọ̀lẹ́bí ti rọ̀ ọ́ pé kó jẹ́ kí ọmọkùnrin kan bá a wa ọkọ̀ náà. Ó ní òun kò ránṣẹ́ lọ ṣa òkúta náà nígbà tí òun ń fa ọmọ fọ́kọ, òun kò sì ní ránṣẹ́ lọ dá a padà. Odùtáyọ̀ dọ̀bálẹ̀ fún un. Ó ní kó dìde.

Kúmúyì ni ó wá so aṣọ náà. Òun ni àwọn ará èbúté fi ṣe olùṣọ́ èèwọ̀, ọkùnrin tó fẹ́ràn kí nǹkan rí bó ṣe máa ń rí. Aṣọ tó dára jù nínú aṣọ funfun Àwẹ̀ró ti bá a lọ sínú ilẹ̀. Èyí tó kù ti gbó, fífọ̀ àti sísá sóòrùn ti sọ ọ́ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Kúmúyì nà án síwájú ojú ara rẹ̀, ó wò ó, ó ráhùn díẹ̀, ṣùgbọ́n kò ríran gba inú rẹ̀ kọjá. Ó so ó mọ́ Odùtáyọ̀ lórí títí dé ọrùn, ó sì ju ọwọ́ síwájú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì bóyá á yẹ̀. Odùtáyọ̀ kò yẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ mìíràn ni, Odùtáyọ̀ ni wọn ìbá bi ní àkókò tó yẹ kí wọ́n gbéra. Ṣùgbọ́n opó kì í wo omi láàárín ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ó ti kọjú sí ògiri láti ọjọ́ tí wọ́n ti sìnkú, kò mọ̀ bóyá oṣù lé tàbí kò lé. Efúntọ́lá pàápàá ti rò ó láti bi í, ó sì tún rò ó pé a kì í bi ọlọ́fọ̀ ní ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Yàtọ̀ sí ìyẹn, òun ti mọ ọ̀sà yẹn kí wọ́n tó bí ọkọ ọmọ òun. Ohun tí kò rántí ni pé oṣù ṣẹ̀ṣẹ̀ lé ní alẹ́ àná. Bí oṣù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, omi ọ̀sà a máa fà jìnnà, a sì máa kún kíákíá, ju ti ọjọ́ yòókù lọ. Efúntọ́lá mọ èyí bó ṣe mọ orúkọ ara rẹ̀. Ó kàn ti sunkún ju kó ka ọjọ́ oṣù lọ ni.

Wọ́n gbéra. Nínú aṣọ náà, Odùtáyọ̀ ń gbọ́ òórùn èéfín ẹja. Ariwo èbúté ń dínkù lẹ́yìn rẹ̀, ó ń dínkù, ó wá ku ìró àjẹ̀ nìkan nínú omi. Ó fẹ́ bi ìyá bóyá wọ́n ti kọjá òkìtì iyanrìn tó wà lápá òsì, ó sì rántí pé ìyá kò lè dá òun lóhùn.

Nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀, omi ti fà pátápátá. Efúntọ́lá mọ ojú iyanrìn líle kan tó gba àárín ẹrẹ̀ kọjá. Ó gbé apẹ̀rẹ̀ ààrò lé Odùtáyọ̀ lórí, ó na orí àjẹ̀ sí i kó dì í mú, ó sì ń fà á lọ bí ẹni fa afọ́jú. Ewé ògùrọ̀ ń gbá a lára. Nígbà tí iyanrìn gbígbẹ kan ẹsẹ̀ rẹ̀, ìyá fọwọ́ kan èjìká rẹ̀ pé kó jókòó. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń padà lọ sídìí ọkọ̀. Àṣà wọn ni pé opó á dá wà, á sunkún títí á fi tẹ́ ẹ lọ́rùn, á wá pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹta kí atukọ̀ wá mú un.

Odùtáyọ̀ kó òkúta náà jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó fọwọ́ pa wọ́n, ó mọ èyí tó tóbi jù, tí Àwẹ̀ró máa ń kọ ẹ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà nítorí afẹ́fẹ́. Ó tò wọ́n bó ṣe máa ń tò wọ́n. Ó jókòó tì wọ́n.

Láti ọjọ́ mẹ́sàn-án yẹn, kò tíì sunkún kan tó dénú. Ilé kún, àwọn àgbà ń sọ fún un pé ọkùnrin ni, pé kó mọ́kàn le, ó sì ń dá wọn lóhùn pé ó dáa. Níbi tó jókòó sí yìí, kò sí ẹni tó máa pàrọwà fún un. Ẹkún dé. Ó kọ́kọ́ dé bí ikọ́, ó wá di ohun tí kò lè dá dúró mọ́. Ó sunkún Àwẹ̀ró, ó sunkún àwọn ọmọ méjèèjì. Ó sunkún pé òun lọ ṣan ọwọ́, ó yẹ kí òun ti sáré padà. Ó sunkún títí aṣọ ojú rẹ̀ fi tutù rinrin, tó lẹ̀ mọ́ ọn lójú bí awọ ara.

Ìgbà yẹn ni ìmọ́lẹ̀ wọlé.

Aṣọ funfun tó ti gbó, bí omi bá mu ún yó, kì í fi nǹkan pamọ́ mọ́. Odùtáyọ̀ rí ohun dúdú mẹ́ta níwájú rẹ̀, ó sì mọ̀ pé ààrò ni. Ẹ̀rù bà á. Ó dijú pinpin. Ṣùgbọ́n ojú amọ̀nà ni ojú rẹ̀, kì í rí nǹkan kó má kà á. Kó tó dijú, ó ti rí àwọ̀ kan láàárín igi, àwọ̀ náà kò sì kúrò níwájú rẹ̀. Ó pọ́n rúsúrúsú. Omi tó ń kún nìkan ló máa ń rí bẹ́ẹ̀, ibi tó sì ti rí i, ẹrẹ̀ ló yẹ kó wà níbẹ̀.

Ó la ojú. Ó rí ọkọ̀ wọn tó ń dá lọ lójú omi, kò sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Ó wò sẹ́yìn ọkọ̀ náà, ó rí ìborí kan, ó rí ọwọ́ méjì tó di àjẹ̀ mú ní ìbú lórí ẹrẹ̀. Omi ti yí àwọn ọwọ́ náà ká.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò díjú. Omi tó ń kún ti gbé ọkọ̀ kúrò nílẹ̀ nígbà tí Efúntọ́lá ń mú ọkọ ọmọ rẹ̀ lọ sókè. Nígbà tó padà débẹ̀, ó rí i tó ń lọ, ó sì kúrò lójú iyanrìn líle láti lé e. Ìṣísẹ̀ mẹ́ta ni ẹrẹ̀ fi gbé e dé itan. Bó ṣe ń jà ni ó ń rì. Ó ti dé ìbàdí. Kò ké. Ó ń gbọ́ ẹkún Odùtáyọ̀ lókè, ó sì rántí èèwọ̀.

Odùtáyọ̀ jókòó síbẹ̀ fún ìwọ̀n ìgbà tí ènìyàn fi ń mí lẹ́ẹ̀kan. Ó rò ó. Nígbà tó yá tí wọ́n bi í, kò parọ́, ó ní òun rò ó: bí òun bá ṣí ojú, omi ti bọ́ lọ́wọ́ òun títí ayé, iṣẹ́ òun ti parí, wọn á sì máa pe òun ní ẹni tó da ọ̀nà òkú rú. Lẹ́yìn náà ló fa aṣọ náà já kúrò lójú.

Ó sáré dé etí ẹrẹ̀, ó sì dúró. Bó bá kó wọ inú rẹ̀, ẹni méjì ni yóò bá a lọ. Ó ṣẹ́ imọ̀ ògùrọ̀, ó tẹ́ wọn sórí ẹrẹ̀ ní ìlà méjì, ó dojú bolẹ̀ lórí wọn, ó sì ń fi àyà wọ́ lọ. Omijé ṣì ń dà lójú rẹ̀. Kò nu ún, nítorí ẹrẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Efúntọ́lá rí i. “Bo ojú rẹ,” ni ohun tó kọ́kọ́ sọ.

“Ìyá, ẹ di aṣọ yìí mú.” Ó ti lọ́ aṣọ náà bí okùn, ó sì jù ú sí i.

“Mi ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, Odùtáyọ̀.”

“Ẹ ti ń sọ ọ́.”

“Ọmọ mi á tẹ̀ lé ohùn mi.”

“Kó tẹ̀ lé e. Kó wá bá mi fà yín.”

Ìyá fi ọwọ́ kan sílẹ̀ lórí àjẹ̀, ó sì fi èkejì di aṣọ náà mú.

Odùtáyọ̀ sọ fún un pé kó má jà, kó fi àyà lé àjẹ̀, kó jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ dẹ̀ bí ti ẹni tó ń sùn. Kò fà á lójijì. Ó ń fà á bí wọ́n ṣe ń fa àwọ̀n tó kún, díẹ̀, kó sinmi, díẹ̀, kó sinmi. Omi ti dé ìyá láyà. Nígbà kan, aṣọ náà ya ní etí, àwọn méjèèjì sì dúró láìmí. Kò já. Ẹrẹ̀ dún bí ẹnu tó tu nǹkan sílẹ̀, ẹsẹ̀ kan sì yọ. Èkejì pẹ́ díẹ̀ kó tó yọ. Aṣọ ìró ìyá kù sínú ẹrẹ̀, tòbí nìkan ló kù ní ìdí rẹ̀.

Wọ́n dùbúlẹ̀ lórí imọ̀ ògùrọ̀, orí sí orí, wọ́n ń mí. Odùtáyọ̀ ti yí ojú sápá kan kó má baà rí ìhòòhò àna rẹ̀.

Ìyá sọ pé, “Ọjọ́ tí o wá tọrọ ọmọ mi, mo ní ìdọ̀bálẹ̀ rẹ kò délẹ̀ tó.”

“Ẹ sọ bẹ́ẹ̀, Ìyá. Gbogbo èrò ló gbọ́ ọ.”

“Eléyìí délẹ̀.”

Ó tú aṣọ funfun náà, ó fi í ró ìdí, wọ́n sì wọ́ padà sórí iyanrìn. Efúntọ́lá ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ké sí èbúté, bóyá ọkọ̀ kan á gbọ́. Odùtáyọ̀ wo ìfófòó omi fún ìgbà díẹ̀. Ó ní omi tó ń wọlé máa ń yí lẹ́ẹ̀kan ní ṣóńṣó erékùṣù náà, pé ọkọ̀ àwọn á bá a yí, á sì wá há sáàárín gbòǹgbò ẹ̀gbà lápá ìlà-oòrùn. Wọ́n jókòó, wọ́n ń retí.

Ibẹ̀ ni ìyá ti bi í léèrè ohun tí kò tíì bi í láti ọjọ́ mẹ́sàn-án. “Kí ló sọ kẹ́yìn?”

Odùtáyọ̀ sọ fún un. Kò mi orí, kò fi nǹkan kan kún un.

Efúntọ́lá bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rín náà fi yí padà di ẹkún lẹ́nu rẹ̀, ó sì nu ojú pẹ̀lú ẹ̀yìn ọwọ́ tí ẹrẹ̀ ti gbẹ sí. “Ṣé o yí i?” ló bi í.

“Mo yí i, Ìyá.”

“O ṣeun.”

Kò pẹ́ tí ọkọ̀ náà fi há síbi tí Odùtáyọ̀ wí. Ó lúwẹ̀ẹ́ lọ mú un wá.

Ọ̀sán gangan ni wọ́n wọ èbúté. Gbogbo ènìyàn ló rí wọn. Odùtáyọ̀ ló ń wa ọkọ̀, ojú rẹ̀ ṣí sílẹ̀, ó pọ́n bí ẹyin iná. Aṣọ tó yẹ kó wà lójú rẹ̀, ìdí ìyá ìyàwó rẹ̀ ló wà. Àwọn alárùú gbé ẹrù sílẹ̀. Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín, wọ́n sì pa á lẹ́nu mọ́. Kúmúyì sọ̀kalẹ̀ wá sétí omi, ó gba àjẹ̀ lọ́wọ́ Odùtáyọ̀, ó sì mú àwọn méjèèjì lọ síwájú Elébùúté, baálẹ̀ tó ń dájọ́ ọ̀rọ̀ tó bá jẹ mọ́ omi.

Níbẹ̀, Kúmúyì ro ẹjọ́. Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú. Ó ní òun bá Odùtáyọ̀ kẹ́dùn, Àwẹ̀ró sì ti yan ẹja fún òun rí tí kò fi egungun kan sínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó ṣe òfin náà kì í ṣe òmùgọ̀. Ọkùnrin yìí ti rí ọ̀nà. Ọ̀la ni yóò padà lọ, ọ̀túnla ni yóò padà lọ, kò sì ní pẹ́ tí àwọn á fi máa wá egungun rẹ̀ lórí iyanrìn yẹn. Kí wọ́n gba omi lọ́wọ́ rẹ̀ nísinsìnyí, kó má baà rí ọkọ̀ tí yóò gbé e débẹ̀.

Efúntọ́lá ní bí wọ́n bá gba omi lọ́wọ́ Odùtáyọ̀, kí wọ́n gbà á lọ́wọ́ òun náà, nítorí òun sọ̀rọ̀, òun sì sọ púpọ̀. Ó ní ká ní kò ṣí ojú ni, òun ìbá ti dákẹ́ rì sínú omi, àwọn ará èbúté ìbá sì máa yìn òun pé òun pa èèwọ̀ mọ́. Ọkọ ọmọ òun ìbá jókòó síbẹ̀ lórí iyanrìn, yóò máa pàtẹ́wọ́ mẹ́ta mẹ́ta, kò sì ní sí ẹni tó máa wá mú un.

Arúgbó ni Elébùúté, ìyàwó méjì ló ti kú fún un. Nígbà tó sọ̀rọ̀, kì í ṣe Kúmúyì ló dá lóhùn. Ó ní, “Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti da aṣọ bò mí lójú lọ sí ibẹ̀. Mi ò mọ bí ibẹ̀ ṣe rí títí dòní.” Ó yíjú sí Odùtáyọ̀. “Nígbà tí o ṣí ojú, ṣé ẹkún rẹ dá?”

“Kò dá, Bàbá. Ẹkún náà ló fi ọ̀nà hàn mí. Mo ń fà wọ́n, mo ń sunkún.”

“Ṣé wàá padà lọ bí Kúmúyì ṣe wí?”

Odùtáyọ̀ rò ó kó tó dáhùn. “Iṣẹ́ mi ni kí n mọ ọ̀nà, Bàbá. Mo mọ èyí tó lọ síbẹ̀. Mo mọ èyí tó wá sílé náà.”

Elébùúté ní kí Kúmúyì dá àjẹ̀ padà fún un. Ó ní láti ọjọ́ náà lọ, opó á máa gbé aṣọ olóògbé kọ́ èjìká lọ sí erékùṣù, kì í ṣe ojú. Kó sunkún bó ṣe fẹ́. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ sì lè sọ̀rọ̀. Bí òkú bá tẹ̀ lé ohùn ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ wá sílé, ìlú kò tíì rí ẹni tí ìyẹn pa. Kúmúyì dá àjẹ̀ náà padà. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e, ó sì sọ pé òun á wá kí i láàárọ̀.

Odùtáyọ̀ padà sẹ́nu iṣẹ́ ní ọjọ́ kẹta. Ó ń dúró síwájú ọkọ̀, ó ń nawọ́ sọ́tùn-ún, ó ń nawọ́ sósì, omijé a sì máa dà lójú rẹ̀ nígbà mìíràn bí wọ́n bá ń kọjá níwájú erékùṣù náà. Àwọn atukọ̀ kọ́kọ́ ń bẹ̀rù. Nígbà tó yá, wọn kò bẹ̀rù mọ́, nítorí ọkọ̀ kan kò gúnlẹ̀ síbi tí kò yẹ.

Ọ̀pọ̀ nǹkan wà tí kò tíì ṣe. Kò tíì sùn sí àárín ẹní, ẹ̀gbẹ́ kan ló ṣì ń sùn sí. Kò tíì gbé bàtà Àwẹ̀ró kúrò lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Kò tíì fún ẹnikẹ́ni ní ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀. Kò tíì pa adìẹ abólórùn tó máa ń tẹ̀ lé Àwẹ̀ró káàkiri àgbàlá. Kò tíì lọ sí ibi ìkómọ kankan. Kò tíì dárúkọ rẹ̀ nínú ilé kí ohùn rẹ̀ má gbọ̀n. Kò tíì dá ẹkún dúró.

Ọ̀dọ̀ amọ̀nà yìí ni àwọn àgbà ti rí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ fún ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, tí wọn kò fi ní kó má sunkún, tí wọ́n kàn ń pa á lówe fún un pé: bí a bá ń sunkún, à á máa ríran.